Alùpùpù Ìkíni Bàbá Fọlákẹ́

Ó dìgbà náà o, Bàbá Fọlákẹ́. Ọkọ mi, Àkànní, arìnnà-má-rẹ̀, ẹni tí kì í ya ìlú kan kó má kí ará ibẹ̀, ó dìgbà tí n óò tún gbọ́ fèrè alùpùpù yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà. Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti lọ, èrò ò dá lójúde wa. Wọ́n yá àga nílé ọ̀tún, wọ́n yá a nílé òsì, àga ò tó. Síbẹ̀ ilé náà dà bí ọjà tó ti tú. Bí alùpùpù kan bá ti ń bọ̀ láti ọ̀nà Ìṣẹ́yìn, etí mi á ti nà. Bó bá kọjá láì fọn fèrè, ọkàn mi á rọra padà síbi tó wà.

Ẹni tó bá wa tẹ ìwé ètò ìsìnkú yìí ní ojú ewé méjì ló kàn mí, pé tí mo bá kọjá bẹ́ẹ̀, owó á lé. Mo ní kó jẹ́ kó lé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé n kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú mi tí n kò lè fi ẹnu sọ, mo fẹ́ kọ ọ́ síbí kí n tó dágbére fún yín. Ohun kan ṣoṣo lẹ fi ọdún mẹ́jọ bẹ̀ mí pé kí n ṣe, n kò sì ṣe é lójú yín.

Gbogbo ẹni tó gbọ́ ló kọ́kọ́ ń bi mí bóyá alùpùpù ló pa yín. Kí ìwé yìí dá wọn lóhùn: alùpùpù kọ́. Ọdún mọ́kànlá lẹ fi gun alùpùpù Arìnjìnnà yín já gbogbo Òkè-Ògùn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ ṣubú, ewúrẹ́ ló sì fà á, ewúrẹ́ náà ò kú. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni. Ẹ jẹun tán, ẹ ní kí n jẹ́ kẹ́ ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ kí oòrùn tó rọlẹ̀, pé ẹ fẹ́ lọ wo ṣéènì alùpùpù kan ní Àgọ́-Àmọ̀dù. Mo ní kẹ́ ẹ má pẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í pẹ́ níbikíbi. Ẹ sùn, ẹ ò jí mọ́. Ẹ pẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, ọkọ mi. Ẹ ti pẹ́ jù.

Kí ẹni tí kò mọ̀ yín lè mọ ẹni tí a ń sin lónìí, ẹ jẹ́ kí n rántí ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Mẹkáníìkì lẹ jẹ́ ní Ṣakí níbí, ẹ̀ ń tún ọ̀kadà ṣe lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé wa, nígbà tí ẹnjiníà kan gun alùpùpù wá láti Ìbàdàn. Òun ló dá ilé-iṣẹ́ Arìnjìnnà sílẹ̀. Ó ní àwọn alùpùpù ńlá tí àwọn òyìnbó fi ń rìnrìn àjò, owó ẹyọ kan tó kọ́ ilé, òun sì ti wò ó pé kì í ṣe olówó nìkan ni Ọlọ́run la ọ̀nà fún. Ó wá to tirẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń mu epo bí ẹyẹ ṣe ń mu omi. Ó fi táńkì ńlá sí i kí ènìyàn má baà máa wá epo kiri láàárín igbó, ó fún un ní ìjókòó tó fẹ̀, gíláàsì tó ń dá atẹ́gùn dúró níwájú, àti àpótí méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Owó rẹ̀ kò ju owó màlúù méjì tó sanra lọ. Èmi ni mo bá a ná an. Kò dín kọ́bọ̀ kù. Ìyẹn ló jẹ́ kí n bọ̀wọ̀ fún un. Ẹ gba mẹ́fà lọ́wọ́ rẹ̀ láti bá a tà.

Ìwé ìpolówó tó kó wá ni kò jẹ́ kí ọjà tà. Àwòrán ọkùnrin kan ló wà nínú rẹ̀, ó wọ awò dúdú, ó dúró lórí àpáta, ó fọwọ́ mú ìbàdí, ó ń wo ọ̀ọ́kán. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Ìrìn àjò afẹ́ fún olówó àti mẹ̀kúnnù. Àwọn ará Ṣakí yí ìwé náà síwá sẹ́yìn. Ẹnì kan béèrè pé kí ni ọkùnrin yìí ń wá lórí àpáta, ṣé ẹran rẹ̀ ló sọnù ni. Ẹlòmíràn ní òkè ló wà lẹ́yìn ilé òun, pé òun kì í san kọ́bọ̀ kí òun tó rí i. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, torí n kò mọ ẹni tí yóò ra epo tìtorí kó lè lọ wo òkúta.

Ẹni méjì tó kọ́kọ́ rà á, ọ̀kadà ni wọ́n fi ṣe. Ènìyàn mẹ́ta lẹ́yìn, àpò gàrí lórí táńkì. Oṣù méjì ò pé tí irin ẹ̀yìn rẹ̀ fi ya. Wọ́n tì wọ́n wá síwájú ilé wa, wọ́n ń pè yín ní gbájúẹ̀ lójú ọmọ aráyé. Ẹ jó irin náà pọ̀ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, inú mi ò sì dùn sí i. Ẹnjiníà ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá kó mẹ́rin tó kù, pé Òkè-Ògùn kò fẹ́ Arìnjìnnà.

Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí yóò dé ni bàbá àgbàlagbà kan láti Àgọ́-Àmọ̀dù dúró ti alùpùpù náà, ó ń fọwọ́ pa á lórí bí ẹni ń pa ẹṣin lórí. Ó ní kí ni wọ́n ń fi eléyìí ṣe. Ẹ ò dá a lóhùn, ẹ bi í ní ìbéèrè tiyín. Mo wà níbẹ̀, mò ń sá ẹ̀lùbọ́ sóòrùn, mo gbọ́ ọ. Ẹ ní, "Bàbá, ta lẹ ti ń sọ láti ọjọ́ yìí pé ẹ máa lọ kí, tẹ́ ẹ ò tíì lọ?"

Bàbá náà gbé ọwọ́ kúrò lórí alùpùpù. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan wà ní Kíṣí, pé àwọn jọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ ni. Ó ní bí òun bá ti ro ọkọ̀ tí òun yóò wọ̀, èyí tí òun yóò sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀, èyí tí òun yóò tún jókòó dè títí yóò fi kún, òun á ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Láti ìgbà tí irun òun ti dúdú ni òun ti ń sọ bẹ́ẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ta màlúù méjì.

Nígbà tí ẹnjiníà dé, ẹ̀rín lẹ fi pàdé rẹ̀. Ẹ ní, "Ọ̀gá, ẹ yọ ọkùnrin orí àpáta yẹn kúrò. Ọmọ Yorùbá kì í rìn lásán. Ẹ bi wọ́n ní ẹni tí wọ́n fẹ́ lọ kí." Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó ṣíwọ́ ẹ̀rín, ó wá bébà, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé ìpolówó tó tún tẹ̀, ìyá arúgbó kan ló wà nínú rẹ̀, tó na ọwọ́ méjèèjì jáde lẹ́nu ìlẹ̀kùn. Táyà iwájú nìkan la rí nínú alùpùpù. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Ta lo fẹ́ lọ kí? Ilé-iṣẹ́ náà tún fi irin tó nípọn sẹ́yìn gbogbo èyí tí wọ́n tò lẹ́yìn náà, torí ẹ sọ fún wọn pé a kì í lọ kí ènìyàn lọ́wọ́ òfìfo. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní alùpùpù ìkíni, láti ibí dé Ìṣẹ́yìn.

Ẹ wá sọ ọ́ di òfin. Ẹni tó bá fẹ́ ra Arìnjìnnà lọ́wọ́ yín gbọ́dọ̀ dárúkọ ènìyàn kan àti ìlú kan. Ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbé e lọ. Tó bá ń bọ̀, yóò mú ẹ̀rí wá fún yín, kì í ṣe ohun ńlá: obì kan, ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan, ìdajì iṣu. Ẹ óò tọ́ ọ wò, ẹ óò mi orí, ẹ óò ní, "Àlàáfíà ni wọ́n wà," bíi pé ẹnu lẹ fi gbọ́ ọ.

Mo rántí ọkùnrin kan láti Ìwéré-Ilé tó ta kaṣú rẹ̀ tán, tó kó owó sínú ọ̀rá wá, tó ní òun kò ní ẹnikẹ́ni tí òun fẹ́ lọ kí. Ẹ ní kó padà sílé lọ rò ó. Mo tẹ̀ lé yín wọ yàrá, mo bi yín bóyá orí yín pé. Ẹ ní, "Ìyá Fọlákẹ́, owó á padà wá. Ẹni tí a ò kí tó fi kú, ìyẹn ni kì í padà." N kò bá yín sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọjọ́ kẹta ni ọkùnrin náà dé pẹ̀lú ọ̀rá owó rẹ̀. Ó ní òun ti rántí ìyàwó bàbá òun ní Ìgbòho, ẹni tó tọ́ òun dàgbà. Omi wà lójú rẹ̀. Ẹ wò mí, mo sì mọ ohun tí ojú yín sọ.

Àwọn ọlọ́kadà fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá Ẹ-kú-ilé ni wọ́n ń pè yín. Bẹ́ ẹ bá ń kọjá ní gáréèjì, wọ́n á pariwo pé kí àwọn obìnrin gbé ìkòkò ọbẹ̀ pamọ́, Bàbá Ẹ-kú-ilé ti ń lọ kí ènìyàn. Ẹ óò fọn fèrè fún wọn. Àwọn ọlọ́kadà náà ló kún ojúde wa báyìí. Èyí tó ń pariwo jù nínú wọn lọ́jọ́ náà ló ń bá mi gbé àga fún àlejò.

Oṣooṣù lẹ máa ń lọ yẹ àwọn alùpùpù tẹ́ ẹ tà wò ní ìlú tí wọ́n wà. Àpótí ọ̀tún lẹ ń kó sípánà sí. Ti òsì, ẹ ní ẹrù ìkíni ló wà fún, ẹ sì máa ń tì í. Bẹ́ ẹ bá dé, tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, ẹ óò ti pupa láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi ilẹ̀ mọ. Ẹ óò gbọn aṣọ yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta lábẹ́ máńgòrò kẹ́ ẹ tó wọlé. Ẹ óò mu omi. Lẹ́yìn náà ni ẹ óò wá máa jíṣẹ́ ìkíni fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bímọ, ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, ẹni tí àgbàdo rẹ̀ yọ. Bẹ́ ẹ bá ti parí, ẹ óò ní, "Ẹnì kan tún kí ọ o." Mo máa ń ní mo gbọ́. N kò bi yín rí pé ta ni.

Ìjókòó ẹ̀yìn alùpùpù yín ńkọ́? Ọ̀rá tí wọ́n fi dì í láti ilé-iṣẹ́, ẹ ò tú u. Ẹ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sí i, àní Fọlákẹ́, ọmọ wa kan ṣoṣo. Ẹ ní ti ìyá rẹ̀ ni. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dá tí ọ̀nà bá ti gbẹ, ẹ óò nu ọ̀rá náà, ẹ óò fọwọ́ gbá a, ẹ óò wò mí: "Ìyá Fọlákẹ́, ta lo fẹ́ lọ kí?"

Ìdáhùn mi pọ̀. Mo ní epo ti wọ́n. Mo ní ta ni yóò bá mi lé adìyẹ kúrò lórí ẹ̀lùbọ́. Mo ní obìnrin tó ti ń lọ sí àádọ́ta ọdún, kí ló fẹ́ fi atẹ́gùn ṣe. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Mo ti ṣírò rẹ̀ rí: epo láti Ṣakí dé Ìràwọ̀, àlọ àti àbọ̀, kò tó owó kóńgò ẹ̀lùbọ́ méjì. Owó kọ́ ló dí mi lọ́wọ́. Àwa méjèèjì mọ ẹni tẹ́ ẹ ní lọ́kàn.

Ìràwọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé, Ìyá Tàíwò, ọmọ ìyá mi. Àwa méjì ni ìyá wa bí. Ìyá wa ń se òrí kó tó kú. Ìkòkò irin ńlá kan ló fi ń se é, èyí tí wọn kò rọ irú rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ kẹsàn-án tí a sin ín, Ìyá Tàíwò gbé ìkòkò náà lọ sílé ọkọ rẹ̀. Mo lọ bá a. Mo ní kò tilẹ̀ jẹ́ kí ilẹ̀ ibojì gbẹ. Ó ní èmi tí mò ń ta ẹ̀lùbọ́ ní Ṣakí, kí ni mo fẹ́ fi ìkòkò òrí ṣe, àfi bí mo bá fẹ́ gbé e tà fún àwọn tó ń ra irin. Mo ké, mo káwọ́ lé orí, mo ní ó ba orúkọ mi jẹ́ lójú ará àdúgbò. Ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni àfi ẹ̀yin, ni pé mo ti béèrè iye tí àwọn oníirin yóò rà á. Òtítọ́ tó sọ ló dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Ọdún mẹ́jọ ni n kò fi ẹsẹ̀ tẹ Ìràwọ̀. Nígbà tí a ń ṣe ìgbéyàwó Fọlákẹ́, n kò ránṣẹ́ pè é. Ẹ ò bá mi jà. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo lẹ sọ̀rọ̀ sí i, ẹ̀ ń nu ọwọ́ yín pẹ̀lú epo, ẹ ò tilẹ̀ wojú mi. Ẹ ní, "Irin ni ìkòkò, Àjọkẹ́. Irin ò lè pè ọ́ ní àbúrò."

Láàárín ọdún mẹ́jọ yẹn, ẹ̀lùbọ́ mi ń dín. Kóńgò mẹ́ta lónìí, kóńgò mẹ́rin lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Mo mọ ohun tí mo wọ̀n sínú àpò, n kì í ṣì í kà. Mo ní eku ni. Mo ra pàkúté. Ẹ̀yin lẹ bá mi dẹ ẹ́, Bàbá Fọlákẹ́. Ẹ̀yin lẹ fi ẹja gbígbẹ sí i lẹ́nu, tẹ́ ẹ ní eku Ṣakí gbọ́n, pé ká tún sún un mọ́ ògiri díẹ̀ sí i. Pàkúté náà ṣì wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Eku kan ò kú sí i rí.

Bẹ́ẹ̀ náà lẹ máa ń mú òrí bọ̀ láti ìrìn àjò yín, nínú igbá kékeré tí wọ́n fi ewé bò. Ẹ ní ọwọ́ obìnrin kan létí ọ̀nà lẹ ti rà á. Mo béèrè iye rẹ̀, torí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí. Ẹ dá iye kan. Mo ní olè ni obìnrin náà, mo ní kẹ́ ẹ sọ fún un pé ọmọ ẹni tó ń se òrí ni ìyàwó yín, kò lè rẹ́ mi jẹ. Ẹ ní ẹ óò jíṣẹ́. Nígbà tẹ́ ẹ tún lọ, ẹ dé, ẹ ní obìnrin náà ti gbọ́, ó ti dín in kù fún mi. Inú mi dùn, mo ní ṣé ẹ rí i báyìí pé ó yẹ kí ènìyàn máa sọ̀rọ̀. Òrí náà ni mo fi ń para ní gbogbo ọdún yẹn. Mo sọ fún yín lọ́jọ́ kan pé òórùn rẹ̀ jọ ti ìyá mi. Ẹ yíjú sí ògiri. Mo rò pé oorun ló ń kùn yín.

Ọjọ́ kẹta tẹ́ ẹ kú ni Ìyá Tàíwò dé. Ọkọ̀ akérò gbé e sọ̀ níta, ó gbé igbá rù, wọ́n fi ewé bo igbá náà. Mo mọ igbá kí n tó mọ ẹni tó rù ú. Gbogbo orí rẹ̀ ti funfun. N kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tó ń funfun.

Ó jókòó tì mí lórí ẹní, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Àjọkẹ́, o ṣeun ẹ̀lùbọ́ o. Ọkọ rẹ ò fi ìgbà kan gbàgbé láti jíṣẹ́ tó o rán an. Ó ní o ní kí n máa lo ìkòkò ìyá wa, pé ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò ló yẹ kó wà. Ọjọ́ tó jíṣẹ́ yẹn fún mi, mo sunkún."

Gbogbo ilé ń wò wá. Mo wo igbá òrí. Mo rántí obìnrin etí ọ̀nà tí mo pè ní olè, tó dín owó kù fún mi, mo bú sẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín láàárín ọ̀fọ̀, Bàbá Fọlákẹ́. Àwọn àgbà ìjọ ń wo ara wọn. Ẹ̀rín náà ló di ẹkún mọ́ mi lẹ́nu. Ìyá Tàíwò gbé mi mọ́ra, ó ń pè mí ní àbúrò òun, àbúrò òun. Ọdún mẹ́jọ ni n kò ti gbọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé Tàíwò ni yóò ka ìwé yìí sí yín létí. Kó rọra kà á dé ibí yìí. N kò lè sọ ọ́ lójú yín lọ́jọ́ náà, torí ẹ ti dúpẹ́ tán. Ojú tì mí láti gba ọpẹ́ náà, ojú sì tì mí láti dá a padà. Èmi kọ́ ni mo fi ẹ̀lùbọ́ ránṣẹ́. Ọkọ mi ló ń bù ú lẹ́yìn mi. N kò rán an ní iṣẹ́ kankan sí yín. Ọ̀rọ̀ ìkòkò yẹn, òun ló rò ó, tó fi sí mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ọ ni mo ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, n kò sì rí ibi tí mo fẹ́ yí padà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ yín ló yẹ kí ìkòkò ìyá wa wà. Ẹ̀yin lẹ sọ òtítọ́ lọ́jọ́ yẹn, èmi ni mo jẹ̀bi. Iye tí àwọn oníirin dá nígbà náà, kò tó. Kò sí iye tí wọn ì bá dá tó tó.

Bàbá Fọlákẹ́, mo ti sọ ọ́. Ó kù sí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹnjiníà yín wá. Kò gbé ọkọ̀, Arìnjìnnà ló gùn láti Ìbàdàn, eruku bò ó bó ṣe máa ń bò yín. Ó gbọn aṣọ rẹ̀ lábẹ́ máńgòrò kó tó wọlé. Ọ̀dọ̀ yín ló ti kọ́ ọ. Ó yọ obì kan nínú àpò, ó gbé e síwájú àwòrán yín, ó ní, "Àkànní, mo wá kí ọ. Ẹ̀rí nìyí." Lẹ́yìn ìgbà tó jẹun ló bi mí ta ni yóò máa bá ilé-iṣẹ́ òun ta ọjà ní Ṣakí. Fọlákẹ́ ti dáhùn kí n tó ya ẹnu, ó sì ti ń bi í pé èló ni èrè òun lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní ọmọ mi ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí oníbàárà àkọ́kọ́ dé lánàá, mo gbọ́ tó ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ẹni tó fẹ́ lọ kí. Ọmọ yín náà ni.

Mo ti ya ọ̀rá ìjókòó ẹ̀yìn. Ó le, ọ̀bẹ ni mo fi sí i. Aṣọ ìjókòó náà ṣì ń dán lábẹ́ rẹ̀, kò sí ibi tí ìdí ẹnikẹ́ni tẹ̀. Bí a bá ti sin yín tán, tí ọjọ́ kẹsàn-án bá pé, Fọlákẹ́ yóò gbé mi lọ sí Ìràwọ̀. Mo ti wọn kóńgò mẹ́rin sínú àpótí òsì. Bí Ìyá Tàíwò bá ti ìlẹ̀kùn mọ́ mi lẹ́yìn tó ti gbọ́ ìwé yìí, n óò jókòó síwájú ìlẹ̀kùn náà títí yóò fi ṣí i. N óò fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ẹ̀yìn yín ni ì bá wù mí kí n dì mú. Ẹ̀yìn yín tó fẹ̀, tí ì bá dá ọyẹ́ dúró fún mi ju gíláàsì lọ. Mo mọ iye gbogbo nǹkan tó wà nílé yìí, ọkọ mi, láti orí ẹní dé orí ọ̀bẹ. N kò mọ iye ìyẹn, torí n kò gbà á nígbà tẹ́ ẹ fi ń fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Ìràwọ̀ ò jìnnà. Gbogbo bó ṣe sún mọ́ ló ń dùn mí báyìí.

Ó wá ku ìbéèrè tiyín, tí èmi ń bi yín. Bàbá Fọlákẹ́, ta lẹ lọ kí? Bàbá yín àti ìyá yín á ti pàdé yín lọ́nà. Bẹ́ ẹ bá kí wọn tán, ẹ bá mi wá ìyá mi. A kì í lọ kí ènìyàn lọ́wọ́ òfìfo, nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá tẹ́ yín sínú pósí, n óò fi igbá òrí kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ yín; kí àwọn àgbà ìjọ dárí jì mí. Inú ìkòkò rẹ̀ ni wọ́n ti sè é. Ẹ fún un kó tọ́ ọ wò. Ẹ sọ fún un pé Àjọkẹ́ ní kẹ́ ẹ kí i, pé Àjọkẹ́ ní ìkòkò wà lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Bó bá bi yín bóyá èmi ni mo sọ ọ́, ẹ má yíjú sí ògiri. Ẹ wò ó lójú. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni mo rán yín.

Ẹ sùn re o, Bàbá Fọlákẹ́, Bàbá Ẹ-kú-ilé. Àkànní mi, sùn re o.

Èmi ni ìyàwó yín,
Àjọkẹ́, Ìyá Fọlákẹ́.